Jésù Kò Rí Ẹ́kísípò

Ọjọ́ Ajé ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́ sílẹ̀ ní Agbowó pé Olúwadáre Ògúntúndé, tó ń tẹ̀wé tó sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì níwájú yunifásítì, sọ ní ìjọ Onítẹ̀bọmi pé Jésù rí ẹ́kísípò. Ìyẹn ni pé ìwé ìbéèrè ti jò sí Olúwa wa lọ́wọ́ kí ìdánwò aginjù tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa wọ bọ́ọ̀sì dé Òjóò, Ògúntúndé fúnra rẹ̀ ló ṣe fọ́tòkọ́pì ìbéèrè náà fún un. Kó tó dé Mọ́níyà, wọ́n ní fọ́tòkọ́pì ọ̀hún ni kò hàn dáadáa, tí Èṣù fi ráyè bi í léèrè ẹ̀ẹ̀mẹta.

Irọ́ ni. Àmọ́ irọ́ tó bá máa pẹ́ ní Ìbàdàn gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ òótọ́ kan tó fi ń tiro kiri.

Ọmọ Ìgbòho ni Ògúntúndé. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju pósí olówó lọ. Ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń ké bíi màlúù tó ń rọbí, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sùn ní kíláàsì lódìkejì títì á fi ta jí. Kò kàwé kọjá gíráámà, ṣùgbọ́n ó ti tẹ iṣẹ́ ìwádìí fún ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n ń pè ní dókítà lónìí, ó sì mọ ohun tó wà nínú ìwé wọn jù wọ́n lọ.

Iléèwé aládàáni kan wà ní Bódìjà tó jẹ́ pé òun ló ń bá wọn tẹ ìbéèrè ìdánwò àbáwọlé. Ọdún méje, ẹyọ ìbéèrè kan kò jò. Ìyá kan ti Baṣọ̀run gbé àpò ìrẹsì wá lọ́dún kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn bá mi sọ ibi tí ọmọ mi máa kà."

"Ìwé rẹ̀ ni kó kà, ìyá mi."

Bùsàrí, tó ń tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ló bá obìnrin náà gbé ìrẹsì padà sínú ọkọ̀. Ó dé, ó nu òógùn. "Bàbá Ìrẹ̀mídé, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká jọ lọ sí àlùjánnà o. Ẹ ó kàn máa ṣọ́ ohun tí mo bá fẹ́ bù jẹ."

Lọ́dún yìí, Ìrẹ̀mídé, ọmọbìnrin Ògúntúndé, náà fẹ́ ṣe ìdánwò ọ̀hún. Ọmọ márùn-ún tó bá ṣe dáadáa jù, ọ̀fẹ́ ni wọn yóò kàwé títí wọn yóò fi jáde. Láìsí ọ̀fẹ́ yẹn, ẹnu géètì ni ọmọ atẹ̀wé ti máa wo Bódìjà. Orí ọmọ náà pé, àfi ìṣirò ìdá-mẹ́ta, ìdá-mẹ́rin tó máa ń sọ ọ́ di ẹni tó ń wo òkè àjà. Ọjọ́bọ̀ ni iléèwé gbé ìbéèrè wá sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìdánwò Jésù ni ẹ̀kọ́ tó kan ní kíláàsì àwọn àgbà, Ògúntúndé sì ni olùkọ́. Díákónì Ọ̀ṣuntóyìn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Lójú tirẹ̀, ọdún 1974 ni ìdánwò ti dé bá òun kẹ́yìn, ìyẹn ti mọ́dà sùkúù, ó sì fìdí rẹmi.

"Tíṣà, Ọlọ́run ni Jésù. Omi lórí ewé kókò ni ìdánwò yẹn. Èṣù kàn ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu ni."

"Bàbá, tó bá rí bẹ́ẹ̀, eré ni wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún. Ebi ogójì ọjọ́ kì í ṣe eré. Búrẹ́dì wù ú jẹ."

"Ó wù ú?"

"Ó wù ú, sà. Ebi kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Jésù kò rí ẹ́kísípò kó tó wọlé ìdánwò. Bí a ṣe ń wọ̀ ọ́ ló ṣe wọ̀ ọ́, òun nìkan ló jáde láìlábàwọ́n."

Etí ọ̀tún Díákónì ti fẹ̀yìn tì ṣáájú rẹ̀. Ó gbọ́ "Jésù," ó gbọ́ "rí," ó gbọ́ "ẹ́kísípò." "Kò" nìkan ló jábọ́ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ mú un.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èsì ìdánwò àbáwọlé ti jáde, Ìrẹ̀mídé ti gba ipò kẹta, ìjọ wá jókòó dá ẹjọ́ bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, kò ní kọ́ni mọ́. Pásítọ̀ pe Bùsàrí wá jẹ́rìí.

"Pásítọ̀, ọ̀rọ̀ kíláàsì yín kò yé mi," Bùsàrí wí. "Aládùúgbò mi ni mo mọ̀. Ọdún méje, ìrẹsì ń wá, ìrẹsì ń padà. Èmi ni mo ń rù ú."

Inú Pásítọ̀ dùn. Ó yíjú sí akọ̀wé. "Arábìnrin Mojí, ẹ kọ ọ́ sínú mínítì pé arákùnrin wa kò sọ ọ̀rọ̀ òdì. Ẹni tí ìbéèrè kò jò lọ́wọ́ rẹ̀ rí kò lè sọ pé ó jò sí Jésù lọ́wọ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Díákónì dìde bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní òun kò fura sí i rí. Ògúntúndé kò jókòó.

"Arábìnrin Mojí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kọ. Mo ní Jésù kò rí i. Ẹ kọ 'kò' yẹn kó tóbi. Èmi ni mo rí i. Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo tẹ ìbéèrè tán, Ìrẹ̀mídé ti iléèwé dé. Mi ò fi ìwé hàn án. Mo kàn ní kó wá ṣe ìṣirò mẹ́ta fún mi, mo pààrọ̀ ọsàn tó wà nínú ìbéèrè sí ìbẹ́pẹ. Ọmọ náà dúpẹ́, ó ní mo mọ̀ ọ́n kọ́ ju tíṣà àwọn lọ."

Ìjọ tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbà á mọ́ra pé Jésù jí ìwé wò, kò lè gbà á fún ìṣẹ́jú mẹ́ta pé Ògúntúndé jí i wò.

"Arákùnrin," Pásítọ̀ wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "kò sẹ́ni tó bi yín."

"Mo mọ̀, sà."

Díákónì ti jókòó padà, ó ń nu ọwọ́ tó fi bọ̀ ọ́. "Ṣebí ìwọ lo ní bí wọ́n ṣe dán wa wò ni wọ́n ṣe dán Jésù wò? Ó dáa, wá sọ bó ṣe rí lára rẹ̀."

"Bàbá, mi ò mọ̀ ọ́n. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni mo fi kọ̀ ọ́. Mo sọ ẹrù kalẹ̀ ní Òjóò, ẹ wá ń bi mí bó ṣe wúwo tó ní Mọ́níyà. Ẹni tó rù ú délé láìsọ̀ ọ́ ni kẹ́ ẹ bi. Àwa tó ń ṣubú kì í dúró níbẹ̀ pẹ́ tó láti mọ̀."

Bùsàrí ń wo ilẹ̀. "Bàbá Ìrẹ̀mídé, ọmọ yẹn ti gba aṣọ iléèwé."

"Ó ti dá a padà. Mo lọ bá wọn ní Bódìjà lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì gba iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ mi. Mo ṣàlàyé fún un lójú ọ̀nà. Ó ní ṣé òun náà jalè ni." Ó nàka sí ìwé mínítì. "Arábìnrin Mojí, ẹ kọ eléyìí kẹ́ ẹ tó pa ìwé dé: ọmọ náà kò mọ nǹkan kan. Ẹ kà á fún mi kí n gbọ́."