Rọ́bà Bíréèkì Tí Mo Fi Kẹrosíìnì Fọ̀

Òórùn kẹrosíìnì ló gba ẹ̀yìnkùlé wa ní Kétu láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, èmi ni mo sì fà á. Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni mí nígbà náà. Ọkọ mi ra ògbólógbòó mọ́tò lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílùú ẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tẹ bíréèkì, igbó ni mọ́tò máa ń yà sí. Ọ̀rẹ́ wọn, mẹkáníìkì tí wọ́n jọ dàgbà, bá wọn tú ẹsẹ̀ táyà iwájú kan, wọ́n kó irin inú ẹ̀ sínú abọ́, ó dọ̀la. Abọ́ yẹn dọ̀tí bí ìdí ìkòkò. Ọwọ́ mi ò lè gbélẹ̀: mo da kẹrosíìnì sí i bí mo ṣe máa ń fi nu àtùpà, mo rẹ gbogbo ẹ̀ mọ́jú, títí kan àwọn rọ́bà kéékèèké. Láàárọ̀, mo nù wọ́n, mo sá wọn sóòrùn títí òórùn ẹ̀ fi lọ. Inú mi dùn bí ẹni tó ṣiṣẹ́ gidi.

Ìgbà tí mẹkáníìkì padà dé, wàhálà bẹ̀rẹ̀. Irin kan wà tí wọ́n ń pè ní písítìnì, kò ju àtàǹpàkò lọ. Inú ihò ni òun àti rọ́bà ìdí ẹ̀ máa ń wà, òun ló ń ti bíréèkì mọ́ irin inú táyà. Ó kọ̀, kò wọlé. Tó bá wọ̀ díẹ̀, á dagun, á há síbẹ̀. Mẹkáníìkì fà á yọ, wọ́n tún tì í. Wọ́n fi òòlù onígi gbá a jẹ́jẹ́, ó tún dagun. Wọ́n ní bóyá ihò ẹ̀ ló ti wọ́. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, bákan náà ni. Ìka wọn ti bó.

Ọkọ mi ní, "Ṣé ọwọ́ nìyẹn, àbí orógùn?"

"Mọ́tò tó dàgbà jù ẹ́ lọ lo rà, o wá ní kí n má làágùn!"

Ẹ̀fẹ̀ ni nígbà yẹn. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀fẹ̀ ti tán. Bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ kìíní ni mo ti rí i pé rọ́bà yẹn wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi. Ṣùgbọ́n nílé wa, ìyàwó kì í já lu ọ̀rọ̀ ọkùnrin, mo sì fi àṣà yẹn bo ẹ̀rù mi mọ́lẹ̀. Inú ń bí mi sí irin yẹn, ó ń bí mi sí wọn, ó ń bí mi sí ara mi jù.

Ọkọ mi wá jágbe: "Kó irinṣẹ́ ẹ, o jàre! Mà á sọ fún gbogbo Kétu pé o ò mọṣẹ́."

Kétu ìgbà yẹn ò tóbi. Tí wọ́n bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, á ti dé Ajégúnlẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, ta ló máa tún gbé mọ́tò wá? Mẹkáníìkì ń kó sípánà sápò lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú wọn pọ́n. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì.

"Ẹ dákun, èmi ni. Kẹrosíìnì ni mo fi fọ rọ́bà, òun ló wú."

Mẹkáníìkì tú ẹsẹ̀ kejì, wọ́n yọ rọ́bà ibẹ̀, wọ́n gbé méjèèjì lé àtẹ́lẹwọ́: ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan yó bí eégbọn. Wọ́n wò mí. "Ìyàwó! Ọjọ́ mẹ́ta?"

Wọ́n wá rọ́bà tuntun lọ sínú Èkó, ìka kan ni wọ́n fi ti písítìnì yẹn wọlé. Ọkọ mi bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní ó ti tán. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí mẹkáníìkì tó tún jókòó jẹun nílé wa.

Àwọn tí mo bá sọ ọ́ fún máa ń ní mo gbìyànjú tí mo jẹ́wọ́. Èmi kì í gbà. Fífọ̀ tí mo fọ rọ́bà, àìmọ̀ ni, Ọlọ́run á dárí jì mí. Ọjọ́ mẹ́ta tí ẹni ẹlẹ́ni fi jìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi lójú mi, ìyẹn kì í ṣe àìmọ̀.