Pèrègún Ìdí Ògiri

Ilé wa ní Òkè-Ìlá wà nísàlẹ̀ òkè, ilé akọ̀wé kóòtù kan tó ti fẹ̀yìn tì sì wà lókè wa. Ògiri òkúta ló di ilẹ̀ rẹ̀ mú kó má baà ya lù wá. Ìdí ògiri yẹn gan-an ni yàrá ìyá mi wà.

Bàbá mi ló kọ́ ògiri náà. Mo ru nínú òkúta rẹ̀ kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà. Pèrègún tí àwọn tó ta ilẹ̀ gbìn fún ààlà wà lókè ògiri, lápá ọ̀dọ̀ akọ̀wé. Lọ́dún tí àìsàn dá bàbá mi dùbúlẹ̀, akọ̀wé hú pèrègún náà, ó sì tún un gbìn sí ìdí ògiri, lápá ọ̀dọ̀ wa. Bó ṣe gba ògiri àti ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bàbá mi ń wò ó lójú fèrèsé, kò lè dìde. Ìbínú náà ló gbé lọ sí sàréè. Akọ̀wé ló ka Bíbélì níbi ìsìnkú rẹ̀.

Èmi ò sọ nǹkan kan. Ẹni tó jí ẹrù, òun náà ni yóò rù ú.

Nígbà tí àwọn sójà ń múra àtigbé ìjọba sílẹ̀, òjò ọdún kan rọ̀ títí, ògiri yọ ikùn sí yàrá ìyá mi, omi pupa ń jò láàárín òkúta. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú akọ̀wé. Kò yọ pákò lẹ́nu. Ó ní bàbá mi ló ni ògiri, gbogbo àdúgbò ló mọ ẹni tó kọ́ ọ.

"Ẹni tó kọ́lé sísàlẹ̀ kó má bá òjò jà, Tíṣà. Ká ní ọkùnrin wà nílé yín ni, ẹ ò ní wá síbí."

Mo ti lé ní ọdún márùndínlógójì, n kò tíì lọ́kọ. Ó mọ ibi tó ń fọ̀bẹ sí.

Mo pe àwọn àgbà ìdílé tó ta ilẹ̀ fún wa. Òfin tiwọn ò gùn: ilẹ̀ ẹni tí ògiri bá wà, òun ni yóò tún un ṣe, pèrègún sì ni ẹlẹ́rìí. Àgbà pátápátá bẹ̀rẹ̀ wo pèrègún, ó wá bi akọ̀wé bóyá ó ti kúrò lójú kan rí.

Akọ̀wé wò mí. Bàtà mi ni mò ń wò. Bó bá ní wọ́n ti ṣí i nídìí, olè ni, àlùfáà ìjọ rẹ̀ sì dúró níbẹ̀.

"Kò kúrò níbẹ̀ rí," ló wí.

"Ó dáa. Ògiri rẹ nìyẹn. Lọ tún un ṣe."

Oṣù mẹ́ta ló fi ṣe é. Àwọn ọmọ rẹ̀ ò wálé. Òun àti bíríkìlà kan láti Ìjàn ló ń ru òkúta. Mo gbé àga síta, mò ń máàkì ìwé àwọn ọmọ iléèwé mi. Nígbà tó parí rẹ̀, mo fi han àwọn àgbà pé kò sí ihò tí omi yóò gbà jáde. Wọ́n ní kó wó o. Ìyá mi bẹ̀ mí kí n gbé omi fún un. Mo ní ìkòkò wà nílé tirẹ̀. Ikọ́ ti wọ̀ ọ́ kó tó tún un kọ́ tán.

Lọ́jọ́ tí sìmẹ́ǹtì gbẹ, mo mú ìwé ilẹ̀ bàbá mi lọ bá àwọn àgbà. Ìtẹ̀ka bàbá tó bí àgbà pátápátá wà níbẹ̀, pẹ̀lú iye ẹsẹ̀ bàtà láti ẹ̀yìnkùlé wa dé ìdí pèrègún. Wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n. Okùn gun ògiri, ó kọjá sínú àgbàlá akọ̀wé. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe hú pèrègún, wọ́n tún un gbìn síbi tí okùn dé, ògiri tuntun sì di tiwa.

Inú àgbà náà ò dùn sí mi. "Kí ló dé tí o kò mú ìwé yìí wá lọ́jọ́sí?"

"Bàbá, ẹ ò bi mí. Òun lẹ bi."

Ìyá mi sùn nínú yàrá gbígbẹ títí ó fi kú. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n fi okùn wọn ilẹ̀. Mo fara dà á.