Oògùn Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ẹrù Ìyàwó

Ọwọ́ mi yìí ni mo fi yọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìdílé ló yọ ọ́, tàbí pé àṣà ló yọ ọ́, ẹ má dá a lóhùn. Ìdílé kò ní ọwọ́. Èmi ẹ̀gbọ́n ìyàwó, èmi tí mo ń ta gàrí lọ́jà Sakété láti bí ogún ọdún, èmi ni mo ki ọwọ́ bọ inú àpótí àbúrò mi nígbà tó ku ọ̀la kí a gbé e lọ sílé ọkọ. Mo yọ oògùn rẹ̀ jáde, mo sì ká ìró kan sí àyè tó ṣófo kí ó má baà fura.

Ìyá wa kú nígbà tí àbúrò mi wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà. Èmi ni mo wà níbẹ̀ nígbà tí gìrì kọ́kọ́ gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́bàá kànga, tí ojú rẹ̀ yí sókè, tí itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Wárápá ni. Àwọn aládùúgbò wa, àwọn tí a jọ ń bu iyọ̀ lọ́wọ́ ara wa, sá sẹ́yìn bíi pé iná ló ń jó. Wọ́n ní ẹni tí itọ́ yẹn bá ta sí lára, ó ti kó o nìyẹn. Irọ́ gbuu! Mo ti fi ìró mi nu itọ́ yẹn láìmọye ìgbà, kò sóhun tó ṣe mí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ agboolé wa tó tún bá a jẹun nínú abọ́ kan. Mo ń wò ó bó ṣe ń dá jẹun lọ́tọ̀, tó ń yọ́ ojú wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ irọ́ pípa.

Nígbà tó di ọ̀dọ́mọbìnrin, mo gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Pobè. Dókítà tí a bá níbẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Ó ń fi Yorùbá lú èdè Gùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé wa yékéyéké. Ó ní hóró kan láàárọ̀, hóró kan lálẹ́, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Bó bá gbàgbé ọ̀kan tó sì tètè rántí, kó lò ó. Bí àsìkò èkejì bá ti súnmọ́, kó fi èyí tó gbàgbé sílẹ̀, kó má ṣe lo méjì pọ̀. Kó má ra èyí tí wọ́n ń tà lórí àtẹ láàárín oòrùn. Bí ara rẹ̀ bá sú, tàbí tí ojú rẹ̀ pọ́n bí epo, kó wá lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá fẹ́ lóyún, kó wá bá òun kó tó lóyún, nítorí oògùn náà lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá.

Ó wá gbé ìka sókè. "Èyí tí n ó sọ kẹ́yìn yìí, ẹ fi sọ́kàn. Kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Ì báà jẹ́ ọdún mélòó ni gìrì kò ti mú un. Bí a óò bá dín in kù, èmi ni n ó dín in kù, díẹ̀díẹ̀. Ìyá, ṣé ẹ gbọ́?"

Mo ní, "A gbọ́, dókítà." Etí mi gbọ́ lóòótọ́.

Ọdún mẹ́ta gbáko, àbúrò mi kò ṣubú. Ó kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Pobè. Ẹ ò tíì rí ọwọ́ bí ọwọ́ ọmọ yẹn! Ó máa ń wo obìnrin láti òkè dé ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á ti àlùmọ́gàjí bọ aṣọ, aṣọ náà á sì bá onítọ̀hún mu rẹ́gí. Àwọn ìyàwó tíṣà ń wá láti Sakété wá rán aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin kan tó ń tún alùpùpù ṣe lódì kejì títì ti rí i. Ará Issaba ni, ilé bàbá rẹ̀ sì wà níbẹ̀, ilé àgbẹ̀, ẹ̀gẹ́ lọ súà.

Àbúrò mi ní òun fẹ́ sọ fún un.

"O fẹ́ sọ kí ni?" ni mo bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, ó yẹ kó mọ̀. Inú ilé kan náà ni a óò jọ máa gbé."

"Bímọ fún un ná. Bí o bá ti bímọ tán, kí o wá sọ gbogbo ohun tó wù ọ́. Ta ló ń fi wárápá ṣe ẹ̀bùn fún àfẹ́sọ́nà?"

Ó sunkún, ó sì gbà. Ọmọ tí mo tọ́ ni, kì í bá mi jiyàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ti ń ṣe é ní ìdílé ọkọ rẹ̀. Bí ìyàwó bá dé, àwọn obìnrin ilé á jókòó yí ẹrù rẹ̀ ká, wọn á tú u lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á gbé e sókè kí gbogbo èèyàn rí i: ìró rèé, abọ́ rèé, ọṣẹ rèé. Wọ́n á máa yìn ín, wọ́n á sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí ohun kan nínú àpótí ìyàwó tí ojú wọn kò ní dé. Láti ọjọ́ náà, ìyàwó kò ní jáde kúrò lágboolé títí ọjọ́ méje yóò fi pé, ará ilé rẹ̀ kankan kò sì gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èmi ń fojú inú wo bí wọn yóò ṣe gbé páálí oògùn yẹn sókè, tí ẹnì kan á bèèrè pé kí nìyí, tí ẹni tó kàwé díẹ̀ láàárín wọn á sì kà á. Mo rí àbúrò mi nídìí abọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, lẹ́ẹ̀kejì. Ni mo bá yọ oògùn náà. Mo gbé e lọ sí Sakété, mo tì í sábẹ́ àpò gàrí. Ọjọ́ méje péré, ni mo wí lọ́kàn mi, kí ni ọjọ́ méje máa ṣe ẹni tí kò ṣubú fún ọdún mẹ́ta?

Ó pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ tó débẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, n ò rí i o. Mo ti tú àpótí tán."

"Ọwọ́ mi ló wà. Fara balẹ̀."

"Dókítà ní kí n má…"

"Dókítà ni yóò fẹ́ ọ ni? Ọjọ́ méje péré ni. Máa gbàdúrà."

Lọ́jọ́ kẹta ó tún pè. Ó ní ọwọ́ òun ti ń ta pọ́n-ún, pé abẹ́rẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ òun lẹ́ẹ̀mejì. Ó bẹ̀ mí kí n fi hóró díẹ̀ sínú àpò gàrí kí n fún ọlọ́kadà, àwọn tí a ń pè ní sẹ́mijàn, kó gbé e wá. Mo ní wọn á tú àpò gàrí náà, ṣé kò mọ àwọn obìnrin ilé ọkọ rẹ̀ ni? Mo ní àìsùn ló ń dà á láàmú, kó lọ sùn. Oògùn náà wà lábẹ́ ìdí mi níbi tí mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀, nítorí orí àpò gàrí yẹn gan-an ni mo jókòó lé. Ọlọ́run, dárí jì mí, bó bá ṣeé dárí jì.

Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n ní kí ìyàwó wá yan gàrí, kí wọ́n mọ ọwọ́ rẹ̀. Agbada ńlá, iná igi. Gìrì gbé e níbẹ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ inú agbada. Àwọn obìnrin tó jókòó yí i ká, àwọn tó ti tú ẹrù rẹ̀ wò, rí itọ́ tó ń hó, wọ́n sì sá. Ẹ gbọ́ mi? Wọ́n sá! Ọmọ èèyàn ń jó nínú agbada, wọ́n ń bẹ̀rù itọ́. Ìyá ọkọ nìkan ni kò sá. Òun tí mo ń bẹ̀rù ju gbogbo wọn lọ ló sáré láti ìdí ẹ̀gẹ́ tó ń bó, tó fà á yọ, tó sì dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan títí ara rẹ̀ fi rọlẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ló pè mí. Mo fa páálí oògùn yọ lábẹ́ àpò gàrí, mo tì í sínú báàgì mi, mo gun sẹ́mijàn láti Sakété dé Pobè, n ò rántí ọ̀nà. Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bèèrè bóyá oògùn kan wà tó ń lò tẹ́lẹ̀. Gbogbo wa dúró yí bẹ́ẹ̀dì ká. Kí ni mo tún fẹ́ fi pamọ́? Mo ṣí báàgì mi, mo mú páálí náà jáde.

Ìyá ọkọ wo páálí, ó wò mí, ó tún wo páálí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó sì mú nǹkan jáde níbẹ̀. Oògùn kan náà ni. Àwọ̀ kan náà, lẹ́tà kan náà lára páálí.

"Èmi kì í ṣubú," ló wí, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Orí mi ló máa ń gbé mi. Nígbà mìíràn mo lè má sùn fún ọjọ́ mẹ́rin, n ó máa sọ̀rọ̀, n ó máa kó aṣọ mi fún èrò ọ̀nà. Nígbà mìíràn, n ò ní lè dìde lórí ẹní. Oògùn yìí ló mú mi dúró. Orí pẹpẹ ni mo máa ń gbé e sí. Lọ́jọ́ tí ẹ ń mú ìyàwó bọ̀, mo gbé e kúrò níbẹ̀, mo so ó mọ́ etí ìró, kí ẹ̀yin àna má baà ní wèrè ni ìyá ọkọ. Ṣùgbọ́n mo ń lò ó o. N ò fo ọjọ́ kan."

Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ọjọ́ márùn-ún ni àbúrò mi fi wà lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú oògùn yẹn. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé ká ní a mọ̀ ni, ìyá ì bá fún un nínú tirẹ̀. Ó yíjú sí mi kíá. Ó ní rárá, a kì í lo oògùn ẹlòmíràn, ìwọ̀n tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìyá. Ó ní ká ní ẹnì kan nínú wa la ẹnu ni, wọn ì bá gbé e wá sọ́dọ̀ àwọn lọ́jọ́ tí kò rí oògùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Ìyá ọkọ rẹ̀ kàn mi orí. Òun fi tirẹ̀ pamọ́, ó sì ń lò ó. Èmi fi ti ọmọ ọlọ́mọ pamọ́, mo sì jókòó lé e lórí.

Ọkọ rẹ̀ kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló sọ fún yín pé n ó kọ̀ ọ́? Ọmọ ìyá mi ni mí, mo mọ ohun tó ń jẹ́ oògùn."

Kò lé e lọ, ó sì ń bá a lọ rí dókítà. Wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí fún dókítà, ó sì ní òun máa yí oògùn padà fún un díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó gbìyànjú. Ọgbẹ́ apá rẹ̀ san. Ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún ká mọ́ra, wọn kò sì ṣí mọ́. Ó ti dá ṣọ́ọ̀bù padà fún onílé. Ó gbìyànjú láti fi ọwọ́ òsì di àlùmọ́gàjí mú, aṣọ wọ́, ó jù ú nù. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, àwọn àgbà ló wí i. Wọn kò sọ pé ojoojúmọ́ ni ènìyàn yóò máa jẹ ẹ́.

Èmi ni mo ń lọ gba oògùn rẹ̀ lóṣooṣù báyìí. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n máa ṣe é. Mo máa ń gbé e dé Issaba, ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi, á sì fún mi ní omi, á bèèrè ọjà. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ọwọ́ òsì tú páálí náà lójú mi. Á yọ gbogbo rẹ̀ jáde, á gbé e sókè sójú ìmọ́lẹ̀, á yẹ̀ ẹ́ wò ní hóró kọ̀ọ̀kan bóyá ó pé. "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n," á wí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Á wá pe ìyá ọkọ rẹ̀, á sì gbé e fún un, kó bá òun fi pamọ́.