Ọ̀rọ̀ Tí Kò Sí Nínú Eré

Ẹgbẹ́ Àsàlátù wa ní òfin kan: obìnrin kò gbọdọ̀ ṣe ìyàwó ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀, ìbáà ṣe nínú eré. Nígbà tí a wá fẹ́ ṣe eré orí ìtàgé nípa ìgbéyàwó tó ń dàrú, tí a ó sì ya á sí fídíò kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń múra àtifẹ́yàwó lè máa wò ó, ó di dandan kí a wá tọkọtaya gidi. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ní èmi àti ọkọ mi ló yẹ. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ ariwo wa rí.

Òótọ́ ni. Nígbà náà, a kì í bá ara wa sọ̀rọ̀ rárá ni.

Àgbò ló fà á. Mo ń sin àgbò kan fún Iléyá, mo ń fi èèpo ẹ̀gẹ́ bọ́ ọ títí ọrùn rẹ̀ fi kì bí ọrùn ìjòyè. Mo lọ ra aṣọ tí mo ń tà wá láti Ìbàdàn, kí n tó dé, ọkọ mi ti fa àgbò lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ́wọ́ ní Olúpọ̀nnà, pé ọmọ ọ̀rẹ́ náà parí Àlùkùráánì, ó ń ṣe wòlímọ̀. Wọ́n ti pa á, wọ́n ti jẹ ẹ́, wọ́n ti ṣàdúrà fún ọkọ mi. Nígbà tí mo bèèrè, ó ní, “Nínú ilé ta ni àgbò yẹn ti ń jẹun?” Ọjọ́ yẹn ni a ti yan ara wa lódì. Bí oúnjẹ bá jinná, ògiri ni mo ń sọ fún. Bí òun bá ń jáde, ìlẹ̀kùn ló ń kí pé ó dàbọ̀.

Ó yà mí lẹ́nu pé ó gbà láti ṣe eré náà. Bóyá nítorí kámẹ́rà ni. Ọkọ mi fẹ́ràn kí wọ́n máa ya òun. Èmi gbà nítorí pé ìyá ẹgbẹ́ wa ló ní kí n ṣe é, àwọn ló sì kọ́ mi ní Àlùkùráánì nígbà tí n kò tíì lè ró ìró. Gbogbo ìwé tí mo mọ̀, láti ẹ̀yìn mọ́sálásí ni, mo sì ń dúpẹ́ rẹ̀ títí dòní. Wọn ò bí mi dáa kí n sọ fún wọn pé rárá.

Ọ̀gá ilé kéwú wa ló kọ eré náà. Ó pe ọkọ mi sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, “Ẹ ó bínú, ẹ ó lu tábìlì, ẹ ó ní kó jáde nílé yín. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀. Ìyàwó yín gidi ni, ọ̀rọ̀ yẹn ò sì ní ẹ̀fẹ̀ nínú.” Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀sìn wa fi ọ̀rọ̀ yẹn sí ọkùnrin lọ́wọ́. Bó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣì lè gba ìyàwó rẹ̀ padà kí àsìkò tí obìnrin fi ń dúró lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀ tó pé. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ilé ń tú pátápátá. Ọkọ mi ní òun ti gbọ́.

Ibi ìdánrawò nìkan ni a ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀, ó sì ń dùn mọ́ mi díẹ̀. A ó bú ara wa bí ọ̀gá ṣe kọ ọ́, a ó wá wọ kẹ̀kẹ́ kan náà lọ sílé, a ó dákẹ́ bí èrò ọkọ̀ tí kò mọ ara wọn rí.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ni a ṣe eré náà nínú ọgbà mọ́sálásí. Àwọn ààfáà jókòó síwájú lábẹ́ àtíbàbà, àwọn ìyá ọjà kún ẹ̀yìn, ayafídíò sì ń sáré kiri bí ẹni tí adìyẹ rẹ̀ sọnù. A bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Mo gbé oúnjẹ tútù fún ọkọ mi bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ó sì tì í sẹ́yìn bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá a. Ó kọjú sí wọn, ó ní:

“Ẹ rí obìnrin yìí? Ahun ni. Nítorí àgbò lásán, ó ń ṣọ̀fọ̀ bí ẹni tí ìyá rẹ̀ kú.”

Ìyẹn kò sí nínú eré. Mo dá a lóhùn, “Àgbò yẹn sàn jù yín lọ. Bí mo bá pè é, ó ń jẹ́ mi.”

Ọgbà wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Ìyá kan láti ẹ̀yìn ní, “Sọ fún un, ọmọ mi.” Èkejì rẹ̀ ní, “Ṣé ọkùnrin ṣe é sìn fún Iléyá ni?”

Ojú ọkọ mi yí padà. Ó lu tábìlì bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, “Mo kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Máa lọ bá àgbò rẹ.”

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ààfáà àgbà dìde láti ìlà iwájú, wọ́n gun orí ìtàgé tọ̀pátọ̀pá, wọ́n ní, “Ẹ dá a dúró.” Àwọn èèyàn tún pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ààfáà ní, “Èmi ò bá wọn ṣeré o.” Ẹ̀rín tún pọ̀ sí i. Ayafídíò sáré súnmọ́ wọn: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yíjú síbí díẹ̀, láwàní yín ń bo iná.”

Ààfáà pe ọ̀gá ilé kéwú. “Ṣé o kọ ọ̀rọ̀ yẹn síbẹ̀?”

“Mi ò kọ ọ́, Ààfáà. Mo tiẹ̀ kìlọ̀ fún wọn.”

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ààfáà kékeré kan, tó kàwé ní Mẹ̀dínà, dìde. Ó ní òṣèré kì í sọ ọ̀rọ̀ ti ara rẹ̀, kò sí ìkọ̀sílẹ̀ níbẹ̀.

“Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ fún un ni, n ó gbà fún ọ,” ni Ààfáà àgbà wí. “Àgbò yẹn ńkọ́? Ṣé òun náà wà nínú eré?” Wọ́n yíjú sí ọkọ mi. “Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn? Ìwọ ni, àbí baálé inú eré?”

Ọkọ mi ṣí fìlà. Èmi jókòó sórí àga tí a yá fún eré. Títí di ìgbà yẹn, mo rò pé mo bínú sí i tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi ní mọ̀ bó bá lọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wò ó, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì lọ́ fìlà rẹ̀ bí ẹni tó ń fún aṣọ, mo rí i pé n ó mọ̀. Ọkùnrin tí kò mọ ibi tí ṣíbí ń gbé nínú ilé ara rẹ̀. Ta ni yóò máa rán an létí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Ta ni èmi náà yóò máa yàn lódì? Mo bẹ Ọlọ́run, mo sì bú ọkọ mi, nínú èémí kan náà. Mo mọ̀ pé Ọlọ́run yóò ya ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀.

“Èmi ni, Ààfáà,” ni ó wí nígbẹ̀yìn. “Inú ló bí mi. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó lọ.”

“Kí a má bàa wà nínú iyèméjì, gbà á padà lójú wa.”

“Mo gbà á padà.”

“Ṣé èmi lo ń gbà padà ni? Kọjú sí i.”

Ó kọjú sí mi. Ó ti pẹ́ tó ti wò mí kẹ́yìn. Ó ní, “Mo gbà ọ́ padà,” ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹ̀fọn lọ.

Ayafídíò ní, “Ẹ má bínú o, bàbá, kò wọlé dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ.”

Ó tún un sọ, gbogbo ọgbà gbọ́. Mo ń ṣàdúrà fún ayafídíò yẹn títí dòní.

Mo ní, “Ààfáà, ṣé ẹnikẹ́ni ò ní bi èmi léèrè ni?”

“Nínú òfin, kò pọn dandan ká bi ọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́ láti kékeré. O ó sọ ọ́ náà láìbéèrè.”

“Kó máa bá mi sọ̀rọ̀ nílé. Kó má jẹ́ orí ìtàgé nìkan.”

Àwọn obìnrin ṣe “Àmín” bí ẹni pé àdúrà ni mo ṣe. Ọkọ mi náà ṣe é.

Fídíò náà lọ sórí Wasáàpù bó ṣe rí, wọn ò gé nǹkan kan kúrò. Ní Ilé-Ogbó, wọ́n ń bèèrè ibi tí a ti rí bàbá aláwàní tó mọ eré ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ààfáà méjèèjì kò tíì fẹnu kò. Àgbà ní ó ku ẹ̀ẹ̀mejì lọ́wọ́ ọkọ mi. Kékeré ní ẹ̀ẹ̀mẹta rẹ̀ pé pérépéré. Ọkọ mi ń tẹ̀lé kékeré, èmi ń tẹ̀lé àgbà. Bí inú bá tún ń bí i, tó bá ti la ẹnu, mo máa ń fi ohùn jẹ́jẹ́ ní, “Ẹ rántí o, ẹ̀ẹ̀mejì ni ti Ààfáà àgbà,” á sì pa ẹnu dé, á lọ kí àwọn ará àdúgbò. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, a kò tíì nílò láti mọ èwo nínú wọn ló jàre.