Àpò Kòkó fún Ẹsẹ̀ Ẹṣin

Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, mo padà sílé bàbá wa ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń sin ẹṣin pupa kan. Ẹṣin náà ti dàgbà díẹ̀, bàtà irin sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn tó fẹ́ ṣe fáàrí ló máa ń háyà rẹ̀ lọ síbi ìnáwó. Mo fẹ́ràn ẹṣin yẹn ju ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gùn ún lọ.

Irin kì í dúró lórí títì Àpápá. Tánkà ń jo epo dísù sílẹ̀ tọ̀sán-tòru, bí òjò bá sì fọ́n sí i, èèyàn pàápàá á máa rìn bí olè. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fi àpò kòkó tó ti ya, tí wọ́n ń jù nù ní wọ́ọ̀fù, wé ẹsẹ̀ ẹṣin, tí a ó fi túùbù táyà dè é pinpin. Àpò á di ilẹ̀ mú. Bí a bá dé ibi gbígbẹ, a ó tú u. Èmi ni mo ń wé, èmi ni mo ń tú.

Ọkùnrin kan tó ń bá àwọn oníṣòwò kó ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù wá háyà rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé sí Àpápá GRA, ó sì fẹ́ gẹṣin láti Ajégúnlẹ̀ tí wọ́n ti bí i wọ ibẹ̀. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Bó ṣe rí ẹsẹ̀ ẹṣin nínú àpò, ojú rẹ̀ le.

"Ṣé ẹṣin tó ń ṣàìsàn lo fẹ́ kí n gùn ni? Abẹ́g, tú àkísà yẹn. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìró irin ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ ẹ́ pé kí a kọjá ibi dísù ná. Ọkùnrin náà ní òun á wá ẹlẹ́ṣin mìíràn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n tú u. Mo tú u, mo kó àwọn àpò náà lé èjìká, mo tẹ̀ lé wọn. Inú ń bí mi.

Irin ń dún kò, kò, kò. Àwọn èèyàn jáde wá wò ó, ọkùnrin náà ń juwọ́. Nígbà tí a dé ibi tí dísù ti ń dán lórí omi, ẹṣin dúró. Ó gbóòórùn ilẹ̀, ó kọ̀. Ọkùnrin náà fi gìgísẹ̀ gbá a níkùn, kò lọ. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi nà án. Ẹ̀gbọ́n mi, tó máa ń bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ, gbé pàṣán.

Ẹṣin wọ inú dísù. Ẹsẹ̀ iwájú yọ̀, ó sì kán.

Inú ẹrẹ̀ ni ọkùnrin náà bọ́ sí. Awakọ̀ tírélà kan yọrí, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀." Àmọ́ ilẹ̀ kò ṣe é ní nǹkan kan. Ó gbọn agbádá, ó ní a kò kọ́ ẹṣin wa dáadáa, ó wọ ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó lọ ṣí ilé tuntun rẹ̀. Mo ṣẹ́ èpè fún un, n kò sì tíì gbà á padà.

Ẹṣin ń gbìyànjú láti dìde. Irin ń yọ̀, ó ń ṣubú lé ẹsẹ̀ tó kán. Tírélà ń fun fèrè lẹ́yìn wa. Alápatà kan láti Badia ti dé kí ẹnikẹ́ni tó pè é, ó ní ká yára pa á kó tó kú, kó má di òkú ẹran. Ẹ̀gbọ́n mi di orí ẹṣin mú fún un.

Nígbà tó kun ún tán, ó wá ohun tí yóò kó ẹran sí, ojú rẹ̀ bá èjìká mi.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú àwọn àpò yẹn."

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, ó mi orí pé kí n kó wọn fún un. Mo na àwọn àpò náà sí alápatà. Àwọn ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ kó sínú wọn.