Káàdì Gbénró

₦46,800 ni Fọláyẹmí Ṣóbọ̀wálé jẹ ìjọ wa nígbà tó kú. Owó ìjọ fún oṣù méjìdínlọ́gọ́rin ni, ẹgbẹ̀ta náírà tí ọmọ ìjọ kọ̀ọ̀kan ń san lóṣù, láti oṣù kìíní ọdún 2019 títí dé oṣù kẹfà ọdún 2025. Mi ò ṣì í kà. Èmi ni akápò, èmi ni mo sì ń fọwọ́ sí káàdì gbogbo ọmọ ìjọ láti ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn.

Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò rò pé ẹni tí kì í wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ká ní ó rí bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn.

Ọmọ Ìlíṣàn ni. Ọdún 1998 lòun àti ọkọ ẹ̀, Gbénró, dé Kétu. Wọ́n gba yàrá kan ní Ìkòsí, àwọn méjèèjì sì wọ ọjà Mile 12. Gbénró ń ta tòmátì ní apẹ̀rẹ̀-apẹ̀rẹ̀ láti inú tírélà tó ń bọ̀ láti òkè Ọya. Fọláyẹmí ń ta ata gbígbẹ. Láàárọ̀ Sátidé, tó bá wá gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wa ló máa ń sín kó tó dé ìdí pẹpẹ, nítorí ata ti wọ aṣọ ẹ̀ lára.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni yóò máa wí. "Ẹ sín in dáadáa. Ọ̀fẹ́ ni mò ń pín in."

Òun náà ló ń fọ aṣọ pẹpẹ. Ọṣẹ àti sítáàṣì tó ń lò, kò bèèrè owó ẹ̀ lọ́wọ́ mi rí. Mo ṣírò ẹ̀ nígbà kan: kò lè dín ní ẹgbàá náírà lóṣù. Mo ṣírò ẹ̀, mo sì dákẹ́, nítorí ẹni tí kò bèèrè, a kì í kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé ìnáwó.

Ìkórè ọdún 2017 ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìjọ wa, lọ́jọ́ Ìkórè, à ń pe ẹbí kọ̀ọ̀kan síwájú, olórí ẹbí yóò sì jẹ́jẹ̀ẹ́ iye tí yóò san kí Ìkórè mìíràn tó dé. Gbénró jẹ́jẹ̀ẹ́ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún fún òrùlé. Ọjà ń tà fún un nígbà náà. Ó ti san ₦35,000 nígbà tí tírélà kan tó kó gbogbo owó ẹ̀ lé bàjẹ́ sójú ọ̀nà fún ọjọ́ márùn-ún. Nígbà tó wọ Mile 12, àwọn alábàárù ò tiẹ̀ gbà láti já ẹrù náà. Omi ló kù nínú apẹ̀rẹ̀.

Ìkórè ọdún 2018 dé, ó ku ₦65,000. Mo ti sọ fún kọmití pé bí a ò bá ka orúkọ àwọn tó jẹ ẹ̀jẹ́ Ìkórè sétí ìjọ, òrùlé ò ní parí. Èmi fúnra mi ni mo dìde pẹ̀lú ìwé. Orúkọ mọ́kànlá ni mo kà. Ìkẹrin ni Gbénró Ṣóbọ̀wálé. Bàbá ìyàwó ẹ̀ wá láti Ìlíṣàn lọ́jọ́ náà, ó jókòó tì í. Mo rí bàbá àgbà náà tó yíjú wo ọkọ ọmọ ẹ̀. Gbénró mú fìlà ẹ̀ lórí ìjókòó, ó sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde.

Kò padà wá mọ́. Ó ta ọ̀kadà ẹ̀, ó sì fi ₦65,000 náà rán ìyàwó ẹ̀ sí mi lóṣù kìíní, gbogbo ẹ̀ pé. Mo kọ rísíìtì. Fọláyẹmí ò tíì dìde. Ó mú káàdì kan jáde nínú báàgì.

"Bàbá Akápò, ẹ bá mi fọwọ́ sí èyí, sà."

Káàdì Gbénró ni. "Ẹni tí kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́?"

"Ó ń bọ̀, sà. Inú ló ń bí i."

"Tìẹ ńkọ́, Màmá Kúnbi?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹgbẹ̀ta kan ló kù lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí tèmi dúró ná."

"Kò bójú mu. Ẹni tó ń wá ló yẹ kó san."

"Bàbá, ẹ gbọ́. Lọ́jọ́ tó bá padà wá, tẹ́ ẹ bá tún fi ìwé pe orúkọ ẹ̀, mi ò ní rí i fà wọlé mọ́ láéláé. Mo fẹ́ kó dé, kó bá káàdì ẹ̀ pé kò jẹ ẹnikẹ́ni. Èmi tí mò ń gbálẹ̀ yín, ta ló fẹ́ lé mi? Ẹ fọwọ́ sí i, sà, kí bírò yín má gbẹ. Ẹ má sì jẹ́ kó mọ̀ o."

Mo fọwọ́ sí i. Owó ìjọ wọlé, kò sì sí ohun tó kàn mí nípa ẹni tó mú un wá.

Ó yẹ kí n sọ òfin wa. Lọ́dún 2011, àwọn kan wà tí a kì í rí àyàfi tí wọ́n bá wà nínú pósí. Èmi ni mo dá a lábàá pé ẹni tó bá kú tó jẹ owó oṣù, ìjọ ò ní sin ín àfi tí ẹbí olóògbé bá san án pé. Èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ó mú owó wọlé gan-an, mi ò ní purọ́.

Gbogbo Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù ni Fọláyẹmí ń mú ẹgbẹ̀ta náírà wá nínú áńkáṣíìfù, tó sì ń na káàdì ọkọ ẹ̀ sí mi. Láàárín ọdún 2022, mo sọ fún un pé tirẹ̀ ti di ₦25,200.

"Háà, Bàbá, ẹ ẹ̀ kì í sùn ni? Tí Kúnbi bá ti parí ilé ìwé, ẹ óò rí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà."

Kúnbi ni ọmọ wọn kan ṣoṣo. Òun ló sọ fún mi nígbà tó yá pé gbogbo àárọ̀ Sọ́ńdè ni ìyá òun ń fi ẹ̀wù funfun kan kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Daddy Kúnbi, aṣọ yín wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn o."

"Mo ti rí i."

"Mò ń lọ o."

"Ẹ bá wa kí wọn."

Lálẹ́ Sọ́ńdè, yóò ká a padà sínú àpótí. Ọdún mẹ́fà ààbọ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹfà ọdún 2025, Fọláyẹmí ṣubú sórí àpò ata nínú ọjà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Oògùn tí wọ́n ní kó máa lò lójoojúmọ́, ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta ló ń lò ó kí ó lè pẹ́. Gbénró ná ₦380,000 láàárín ọjọ́ mẹ́ta ní ilé ìwòsàn, gbogbo ohun tó ní àti èyí tó yá. Ní Sọ́ńdè, bí a ṣe ń kọ orin ìjáde, ni Kúnbi pè mí lórí fóònù. Ariwo ẹkún ẹ̀ nìkan ni mo gbọ́.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, kọmití jókòó. Àlùfáà ní ká fojú fo gbèsè náà. Desmond, ọ̀kan nínú àwa kọmití, dìde. Bàbá Desmond kú lóṣù kẹwàá ọdún tó ṣáájú.

"₦31,200 ni Bàbá Akápò gbà lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn fún pósí bàbá mi. Mo sunkún níwájú yín níbí. Bàbá tèmi, igi ni?"

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n san án lápò ara mi.

"'Ẹbí olóògbé' ló wà nínú òfin, sà," ni Desmond wí. "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Gbénró wá pẹ̀lú Kúnbi. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá akápò. Irun ẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ.

"Ẹ káàsán, Bàbá Akápò." Tẹ́lẹ̀, Bọ̀ọ̀dá ló ń pè mí.

"Gbénró, jókòó."

"Mo dúró dáadáa. Wọ́n ní owó kan wà nílẹ̀."

Mo fi káàdì Fọláyẹmí lé e lọ́wọ́. Ó wò ó títí.

"Irọ́ ni. Ẹni tí kì í jẹ owó àkàrà? Lójú mi ló ń di owó sínú áńkáṣíìfù lóṣooṣù. Ẹ lọ tún ìwé yín wò, sà."

Mo lè dákẹ́ níbẹ̀. Fọláyẹmí sì ti bẹ̀ mí pé kí n má sọ. Ṣùgbọ́n orúkọ obìnrin náà ló fẹ́ bàjẹ́ yìí. Mo fa dúrọ́ọ̀ ṣí, mo sì mú káàdì kejì jáde. Gbénró fi ìka tẹ̀lé ìfọwọ́sí mi láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ta ló san èyí?"

"Òun ni. Ó ní tó o bá padà wá, kó o má bá gbèsè kankan nílẹ̀."

Kúnbi bú sẹ́kún. Gbénró ò sunkún.

"Ẹ sì ń gbà á."

"Mo ń gbà á."

"Ẹ mọ̀ pé tiẹ̀ ń ga sí i."

"Mo mọ̀. Mo sọ fún un lẹ́ẹ̀kan."

"Ẹ̀ẹ̀kan," ló wí.

Mo ní kó jẹ́ kí n kó owó náà fún un, kó fọwọ́ ara ẹ̀ san án, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa.

"Ẹ fẹ́ yá mi lówó tí mo máa fi sin ìyàwó mi." Kò pariwo. "Bàbá Akápò, èyí tó wà lórí káàdì tèmi, owó ta ni?"

"Owó ìyàwó ẹ ni."

"Ẹ dá a padà fún un. Ẹ fagi lé tèmi, kí ẹ fọwọ́ sí tiẹ̀."

"Tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìwọ lo máa jẹ gbèsè. Tí nǹkan bá ṣe ọ́..."

"Mo mọ òfin yín, sà. Ẹ ti ka orúkọ mi rí."

Ó gbà mí tó wákàtí kan. Ìlà méjìdínlọ́gọ́rin lórí ọ̀kan, ìfọwọ́sí méjìdínlọ́gọ́rin lórí èkejì. Nígbà tí mo dé ọdún 2023, bírò mi gbẹ. Kúnbi ló yọ tiẹ̀ nínú báàgì fún mi. Bàbá ẹ̀ ò jókòó títí mo fi parí.

A sin Fọláyẹmí lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn aláta kún ìdajì ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gba ọjà wá tààrà. Kí Àlùfáà tó ka ẹsẹ Bíbélì kan tán, gbogbo wa ti ń sín. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Gbénró wọ ẹ̀wù funfun tó máa ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó tẹ̀lé pósí dé orí àtẹ̀gùn, ó sì dúró síbẹ̀. Mo jáde lọ bá a.

"Wọlé, Gbénró. Jọ̀ọ́."

"Mo jẹ gbèsè níbẹ̀, sà."

Nínú oòrùn ló wà títí a fi gbé ìyàwó ẹ̀ jáde, ó sì tún tẹ̀lé e.

Lóṣù kọkànlá, mo dá a lábàá pé kí ìjọ pa òfin náà rẹ́. Wọ́n dìbò: ẹni mẹ́rin gbà, ẹni méje kọ̀. Mo mú owó lọ bá Gbénró ní Mile 12. Ike pénńtì ló fi ń wọn tòmátì tà báyìí, ìdajì ike nígbà mìíràn. Ó ta fún mi, ó sì fún mi ní ṣẹ́ńjì mi. Owó kejì tí mo nà sí i, kò wò ó.

"Ẹ má san án fún mi, sà. Ẹnì kan ti ṣe é rí."

Oṣù kejìlá la wà yìí. Káàdì ẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. ₦50,400.