Bí Bàbá Mi Ṣe Fọ̀rọ̀ Wá Ìwé Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì Lẹ́nu Wò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀, kí n rò fún yín ohun tí ojú mi rí. Ó ti pẹ́ díẹ̀ o, àmọ́ tí mo bá rántí rẹ̀, orí mi ṣì máa ń wú.

Ìgbà tí kafé íńtánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ ní Ìkòròdú ni. Ẹ rántí? Ẹ ó ra tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan, ẹ ó tẹ nọ́ńbà inú rẹ̀, ẹ ó wá káwọ́ gbera kí ojú ewé kan ṣoṣo tó ṣí. Èyí tí mo máa ń lọ wà ní ibùdókọ̀ Benson, lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta aṣọ òkìrìkà. Odindi ayé nínú àpótí kan! Èmi atẹ̀wé ọ́fíìsì, ohunkóhun tí ẹ̀rọ yẹn bá gbé síwájú mi, mo gbà á gbọ́ ni. Ta ni kò níṣẹ́ ṣe tó máa jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí á máa kọ irọ́ sínú rẹ̀? Bí mo ṣe ń ronú nìyẹn.

Bàbá mi ń gbé ní Ẹ̀pẹ́. Ògbufọ̀ ni wọ́n ní kóòtù kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ló máa ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí fún adájọ́. Ojú wá ń dà wọ́n láàmú. Dókítà ní àìsàn tí wọ́n ń pè ní gilakóómà ni. Ó ní èyí tó ti lọ nínú ìríran wọn kò lè padà mọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń kán oògùn sójú lójoojúmọ́, ó ṣeé ṣe kí èyí tó kù má lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Kò lè padà bíi ti báwo? Bàbá mi tó máa ń ka ìwé ìròyìn tán pátá kí wọ́n tó jẹun àárọ̀?

Kílíníìkì ojú tí mo máa ń mú Bàbá lọ ni mo ti mọ Màmá Ẹ̀bùn. Ìlàjẹ ni wọ́n, wọ́n ń gbé ní Ipakodo létí ọ̀sà, àwọ̀n ni wọ́n ń hun fún àwọn apẹja. Àìsàn kan náà ló ń ṣe àwọn àti Bàbá, orí bẹ́ǹṣì kan náà la sì jọ máa ń tò sí. Wọ́n sọ mí di ọmọ wọn.

Lọ́sàn-án Tọ́sìdeè kan, mo tẹ orúkọ àìsàn náà sínú kọ̀ǹpútà. Háà! Sáìtì kan ṣí, ó ń dán yinrin. Dókítà kan wọ aṣọ funfun, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní àwọn ilé ìwòsàn ń fi òtítọ́ pa mọ́ fún wa. Ó ní oògùn kíkán yẹn gan-an ló ń fọ́ ojú èèyàn, kí aláìsàn jáwọ́ nínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó máa fi omi gbòǹgbò kan tí àwọn ń tà fọ ojú. Lọ́jọ́ mọ́kànlélógún, ojú á là! Obìnrin kan wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, tòun ti àwòrán rẹ̀. Ó ní ìlú London lòun ń gbé, òun ti fọ́jú fún ọdún méje, àmọ́ ní báyìí òun ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Mo sunkún níbẹ̀. Mo tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde sórí ìwé mẹ́ta, mo ṣe fọtokọ́pì rẹ̀, mo sì sáré gbé ti Màmá Ẹ̀bùn lọ sí Ipakodo lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo kà á fún wọn, mo túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ní Ọlọ́run ló rán mi.

Nígbà tó di Sọ́ńdè, mo wọkọ̀ gba Ìtòíkin lọ sí Ẹ̀pẹ́. Bàbá jókòó síwájú ilé. Wọ́n ní kí n ka gbogbo rẹ̀, kí n má fo ẹyọ kan. Mo kà á tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí mo parí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè.

“Múnírá, ilé ìwòsàn wo ni dókítà yẹn ti ń ṣiṣẹ́?”

Mo yẹ ìwé náà wò. Kò sí níbẹ̀.

“Ìlú wo ló wà?”

Kò sí níbẹ̀.

“Ìgbà wo ni wọ́n kọ ọ́?”

Òun náà ò sí.

“Ta ló ń ta omi gbòǹgbò náà?”

“Àwọn náà ni, Bàbá.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè gbàgbé láé. Wọ́n ní, “Ohùn ẹlẹ́rìí ni mo fi ọgbọ̀n ọdún gbọ́. Ẹni tó rí nǹkan lóòótọ́ máa ń sọ ibi tí kò ti rí i dáadáa. Dókítà tiwa sọ ohun tí agbára òun ò ká. Eléyìí ò sọ ọ́, ó mọ ohun gbogbo tán! Padà síbi tí o ti rí i. Wá ẹlòmíì tí kò ní nǹkan kan láti tà, kí o gbọ́ ohun tóun náà máa sọ.”

Ẹnu yà mí! Bàbá tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, tí kò lè rí lẹ́tà kan lórí ìwé náà, àwọn ló rí ohun tí èmi olójú méjì ò rí.

Àfi bí mo ṣe rántí Màmá Ẹ̀bùn lẹ́ẹ̀kan náà. “Bàbá, mo ti fún ẹnì kan o. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta.”

Wọ́n dìde dúró. “Kí lo wá jókòó ṣe síbí?”

Benson ni mo kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sí. Mo rí ojú ewé ilé ìwòsàn ńlá méjì tí wọn ò jọ wà nílùú kan. Kò sí àwọ̀ mèremère, kò sí ẹ̀rín, àmọ́ ohun tí dókítà wa sọ náà ni àwọn méjèèjì sọ. Mo wá tẹ ọ̀rọ̀ obìnrin London yẹn gan-an sínú ẹ̀rọ. Áà! Obìnrin kan náà, àwòrán kan náà, orúkọ mẹ́ta! Níbi kan, ìpara irun ló wò ó sàn. Níbòmíì, orúnkún rẹ̀ ló ń dùn ún tẹ́lẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ gan-an ò yí padà. Mo tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde. Ẹ̀rọ yìí kan náà tó tàn mí jẹ ló tún tú àṣírí fún mi, nígbà tí mo mọ ohun tó yẹ kí n bi í.

Màmá Ẹ̀bùn ń hun àwọ̀n lọ́wọ́ nígbà tí mo dé Ipakodo.

“Màmá, oògùn ojú yín dà?”

“Mo ti jù ú sínú ọ̀sà lọ́jọ́ tí o wá. Kí ni mo tún fẹ́ fi ṣe?”

Mo kúnlẹ̀, mo ní irọ́ ni ohun tí mo kà fún wọn. Mo gbé àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sún mọ́ ojú òsì wọn tó ṣì ń ríran. Wọ́n wò ó títí.

“Ṣé o mọ obìnrin yìí ni?” Wọn ò pariwo rárá.

“Mi ò mọ̀ ọ́n, Màmá.”

“Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ ni mo mọ̀. Tìtorí tìẹ ni mo ṣe gbà á gbọ́.”

Ó sàn kí wọ́n gbá mi létí!

Ilẹ̀ Mọ́ńdè ò tíì mọ́ tán tá a fi dé kílíníìkì. Dókítà fi ẹ̀rọ yẹ ojú wọn wò, ó mi orí. Ó ní ìfúnpá inú ojú náà, ìyẹn bí omi inú rẹ̀ ṣe ń tì í, ti ga gan-an, pé bí wọ́n bá fi oògùn sílẹ̀ pé ọjọ́ mọ́kànlélógún, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kò ní ṣeé tún ṣe. Ó fún wọn ní oògùn mìíràn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìfúnpá náà ti wálẹ̀. Ojú òsì yẹn ò kú! Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin lórí sìmẹ́ńtì kílíníìkì yẹn, mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé. Ẹ wo ẹni tó kọ ọ́, ẹ wo ohun tó fẹ́ tà, ẹ wá ẹlẹ́rìí kejì. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, tẹ́ ẹ bá fi nǹkan ránṣẹ́ sí ẹnì kan, ẹ rántí pé ẹni yẹn lè má wo ìwé náà rárá. Ẹ̀yin ló máa wò.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti gbà gbọ́ rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ta lẹ sì gbé e fún? Ẹ má tijú, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Èmi ti jẹ́wọ́ tèmi.